Ìrántí Manolo Onílù

Olóòtú,

Ó yẹ kí ìwé ìròyìn yín fi àyè sílẹ̀ fún ìrántí Manuel Cáceres, ọmọ Spéìn tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ̀ sí Manolo onílù, tó dágbére fáyé lóṣù karùn-ún ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 76. Láti ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1982 ni ó ti ń gbé ìlù ràgàjì kọ́ ara, pẹ̀lú fìlà dúdú àti ẹ̀wù pupa tó ní nọ́ńbà 12, tí ó ń lù ú kíkankíkan, ìbáà jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ ń borí tàbí ń fìdí rẹmi. Àwa tí inú wa dùn nígbà tí Super Eagles nà Spéìn 3-2 ní Ife Àgbáyé ọdún 1998 pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Ìrìn àjò bọ́ọ̀lù yìí ló mú kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó kúrò nílé, èyí tí èmi kò lè gbóríyìn fún un lé lórí.

Òǹkàwé yín