Lẹ́tà sí Bùọ̀dá mi tó kọ́ mi ní ìdúró

Bùọ̀dá mi,

Àná ni ìyàwó yín gbé àpò gọ́ọ̀fù yín wá. Ó ní òun ń palẹ̀ yàrá mọ́ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, òun ò sì mọ ẹlòmíì tí òun lè kó o fún. Igi gọ́ọ̀fù mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù nọ́ńbà méje, igi onírin yẹn, wà níbẹ̀. Róbà kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi wé e lórí ò tíì tú, ibi tí àtàǹpàkò yín máa ń wà ti jìn wọnú.

Mi ò sunkún níwájú rẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni mo mú un dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ẹsẹ̀ mi bá yà fúnra rẹ̀, ó fẹ̀ tó èjìká mi gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí ẹ̀yìn ilé wa. Ọ̀pá ọparun méjì lẹ máa ń tẹ́ sílẹ̀, ẹ ó ní ojú irin rélùwéè Dùgbẹ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù wà lórí ọ̀kan, ìka ẹsẹ̀ mi wà létí èkejì. Ojú igi ni kí n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kó wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí n tó to ẹsẹ̀. Èmi a sì tún fẹ́ kọ gbogbo ara síbẹ̀, ẹ ó mú mi léjìká, ẹ ó dá mi padà. Ojú igi nìkan ló ń wo ibi tí à ń lọ. Ẹsẹ̀, ìbàdí àti èjìká kàn ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, bí irin méjì tí kì í pàdé. Ẹ ní ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tí ẹ ń bá gbé àpò kọ́kọ́ ń tò, òun ni bọ́ọ̀lù wọn fi ń wọgbó, tí ẹ̀yin kádì á máa wá a kiri.

Ìbàdí ni mò ń tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Orúnkún á rọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí mo fẹ́ jókòó sórí àpótí tí mo tún dá dúró. Apá méjèèjì á wá rọ̀ sílẹ̀ láti èjìká bí aṣọ tútù lórí okùn. Bọ́ọ̀lù igi kékeré, àárín ẹsẹ̀. Ti dráfà, igi tó gùn jù, ọ̀kánkán gìgísẹ̀ òsì. Mo lè kà á lójú oorun.

Ìdìmú lẹ fi ìgbà tó pọ̀ jù kọ́ mi. Ọwọ́ òsì lókè, kí n máa rí oríkèé ìka méjì, kí ọwọ́ ọ̀tún wá bo àtàǹpàkò. Ẹ máa ń dárúkọ Harry Vardon bí ẹni pé àdúgbò wa ló ń gbé, ọkùnrin tó gba ife gọ́ọ̀fù Open ti Bìrìtéènì lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1896 sí 1914, tó ń gbé ìka kékeré ọ̀tún lé orí ọwọ́ òsì. Ìka tèmi ò gùn tó, ẹ bá ní kí n fi í kọ́ ìka ìfábẹ̀lá òsì, ẹ ní bí Tiger Woods ṣe ń mú un nìyẹn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi ìka kọ́ra sùn. Tí mo bá wá fún igi náà pọ̀ jù, ẹ ó ní, “Mú un bí o ṣe ń mú ọmọdé sọdá títì. Má fún un kó ké, má dẹ̀ ẹ́ kí mọ́tò gbé e.”

Bùọ̀dá, Sátidé ọjọ́ tí òjò rọ̀ yẹn ńkọ́?

Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ pápá. Ẹ̀yin lẹ ní kò sẹ́nì kankan. Mo dúró bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo gbá a, ó gbéra nílẹ̀, ó lọ tààrà. Ọ̀gá kan yọ lẹ́yìn igi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìdúró tó dáa báyìí? Mo yíjú sí yín. Inú mi ti ń dùn dè yín.

Ẹ wolẹ̀. Ẹ ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n o, sà. Bóyá láti títì ló ti wọlé.”

Èmi nìkan ni mo sọdá títì lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí kádì mú ọmọ wọ pápá. Mo mọ̀ pé owó àpò yẹn là ń jẹ. Ẹ gbé àkàrà gbígbóná síbi orí mi lálẹ́, mo jẹ ẹ́, a ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ẹ fi kú. Ṣùgbọ́n ẹ ò tẹ́ ọ̀pá ọparun mọ́. Kí ló dé tí ẹ ò tẹ́ ẹ mọ́? Ká tiẹ̀ ní ẹ sẹ́ mi lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn ilé bàbá wa ńkọ́?

Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbá mi ni ọwọ́ òsì mi ò ti ṣe dáadáa. Wọ́n ti tú POP, ọrùn ọwọ́ ṣì le, mi ò lè di aṣọ mú lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọṣẹ́ mi ló ń rán gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà kan fọwọ́ pa ọrùn bùbá rẹ̀, ó ní ta ló rán iṣẹ́ tó mọ́ báyìí? Ọmọ náà wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á máa wá a lọ sílé. Mo ní èmi ni.

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó wò mí. Kò tíì padà wá látìgbà náà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Lọ́la màá lọ sílé wọn, mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ.

Ṣé ẹ rí ojú mi lọ́jọ́ yẹn, Bùọ̀dá, àbí ilẹ̀ lẹ ń wò títí mo fi lọ?

Mo ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, áyọ́ọ̀nù yín wà lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ ti tò, ìbàdí ti tẹ̀. Ìka mẹ́ta ti yí róbà yẹn ká. Ìka kékeré òsì ò tíì dé ibẹ̀.

Àbúrò yín