Irinṣẹ́ ìtẹ dáyóòdù lésà: owó wa là ń bèèrè báyìí

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Irinṣẹ́ tí a rà lọ́wọ́ yín láti fi tẹ dáyóòdù lésà (ẹ̀yà kékeré tó ń mú ìmọ́lẹ̀ lésà jáde) wọnú módúlù (ilé bàbà tó ń gbà á) ń ba dáyóòdù wa jẹ́ ni. Nọ́ńbà ọjà wa wà lọ́wọ́ yín, fọ́tò àti fídíò náà wà níbẹ̀. N kò ní tún wọn tò síbí, nítorí gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù yín ló ń ní ká bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò sí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì yín. Àwọn tó ń tajà ní ká lọ bá àwọn tó ń ṣàtúnṣe. Àwọn tó ń ṣàtúnṣe ní àwọn tó ń tajà ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá tí wọ́n ní yóò pè wá lọ́jọ́ Ajé kò pè. Bóyá ọjọ́ Ajé ọdún tó ń bọ̀ ni, wọn kò kúkú dárúkọ ọdún.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òṣìṣẹ́ yín tó bi mí pé, "Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ fáìsì lò?" A mọ irin tí a ń yí láti fi fún nǹkan pọ̀ lò, ẹ ṣeun. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó lu ihò irinṣẹ́ yín. Dáyóòdù tó fẹ̀ ní 5.6 mm ni tiwa; àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn wáyà mẹ́ta tó yọ nídìí rẹ̀, gùn tó nǹkan bí 6.5 mm. Etí pẹlẹbẹ tó yí ìdí rẹ̀ ká nìkan ló yẹ kí irinṣẹ́ tẹ̀, kí àwọn ẹsẹ̀ wà nínú ihò láìkan ohunkóhun. Ihò tiyín kò jìn ju 5 mm lọ. Bí a bá ti ń yí fáìsì, orí ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ìsàlẹ̀ ihò, gbogbo agbára a sì gba ara ẹsẹ̀ kọjá. Gíláàsì kékeré tó di ẹsẹ̀ mú nídìí, tó tún ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ta, á sán. Dáyóòdù náà lè tàn dáadáa lójú yín, ṣùgbọ́n eruku àti ọ̀rinrin ti rọ́nà wọlé. Tó bá wá kú lọ́wọ́ oníbàárà wa, àwa ni wọ́n á máa bú.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ihò náà fẹ̀ ní 2.5 mm, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba nǹkan bí 2.45 mm tí a bá wọ̀n ọ́n láti ìta sí ìta. Bí irinṣẹ́ bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ tẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ní ẹ ń gba ohùn wa sílẹ̀ "fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn yín fún wa dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan ní ká fi òòlù rọra gbá a. Bí òòlù bá gbá a, apá kan á kọ́kọ́ wọlé, dáyóòdù á jókòó ní wíwọ́, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní la àárín lẹ́ńsì kọjá mọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yí lẹ́ńsì tí yóò tún un ṣe. Ìdí tí a fi ń lo fáìsì nìyẹn: ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́gbọọgba, díẹ̀díẹ̀, a sì ń mọ ìgbà tó bá kanlẹ̀.

Ẹlòmíì ní ká fi sáńpépà fẹ ihò módúlù. Dáyóòdù búlúù tó ń gba 1.2 A ní 4.8 V ń jẹ nǹkan bí 5.8 W. Bí 1.6 W bá jáde ní ìmọ́lẹ̀, ìyókù tó lé ní 4 W ooru ni, ara etí tó fún mọ́ bàbà ló sì ń gbà jáde. Ẹ fẹ ihò náà, kí afẹ́fẹ́ dúró láàárín wọn, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò pẹ́. Ẹni kẹta ní ká fi super glue lẹ̀ ẹ́! Èéfín gúlùù yẹn a máa fún lẹ́ńsì àti gíláàsì dáyóòdù láwọ̀ funfun. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń ta gúlùù ni?

Tẹ́lẹ̀, irinṣẹ́ tó dáa là ń tọrọ: ihò 3 mm tó jìn ní 8 mm, ojú rẹ̀ tẹ́jú, ara rẹ̀ kò ju 5.5 mm lọ kó lè wọnú módúlù. Ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì tí wọ́n fi ń gé irin á ṣe é tán kó tó jẹun ọ̀sán. Ẹ̀yin ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. A ò fẹ́ irinṣẹ́ yín mọ́, owó la fẹ́: owó irinṣẹ́, owó dáyóòdù tó bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àti owó tí a fi gbé e wá.

Ìwọ̀n dáyóòdù àti gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé tí a fi ra ọjà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà sì gbà kí oníbàárà dá ọjà tí kò bá iṣẹ́ tó sọ fún olùtajà mu padà, kó gba owó rẹ̀. Bí owó kò bá wọlé kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó ṣú, ẹ̀sùn á dé ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, báńkì wa á sì gbọ́. Àwa náà gba ohùn sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìfín lésà tó wà ní Ṣómólú á gbọ́ ọ, títí kan ti super glue.

Ẹ má fi "ẹ ṣeun fún sùúrù yín" ránṣẹ́ sí wa mọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì wa wà lára rìsíìtì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín