Ẹ Bá Wa Kìlọ̀ Fáwọn Tó Ń Lọ Wo Ẹyẹ ní Banc d'Arguin

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ Banc d'Arguin ló gbé mi wá, nàṣọ́nà páàkì tó wà létí òkun ní Mauritáníà, torí mo débẹ̀, inú mi sì dùn gan-an sí ohun tí mo rí, àmọ́ ìwà àwa àlejò níbẹ̀ ò dáa tó. Láti 1976 nìjọba wọn ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀, UNESCO náà kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1989. Aṣálẹ̀ lapá kan, òkun lapá kejì, ẹyẹ tó sì máa ń sá fún òtútù wá síbẹ̀ lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 2 lọ, àwọn míì ń bọ̀ láti Siberia lọ́hùn-ún!

Tí omi òkun bá ti fà tí ẹrẹ̀ yọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ń jẹun. Èyí tí wọ́n ń pè ní red knot, kò ju kékeré lọ, á máa ti ẹnu bọ ẹrẹ̀ léraléra, tó bá ti kan nǹkan oníkarahun kéékèèké tó wà nísàlẹ̀, á gbé e mì tìkarahun-tìkarahun, iwe ẹ̀ ni yóò lọ̀ ọ́ nínú. Tómi bá tún kún padà, ó di ìgbà tó bá tún fà. Ọ̀rá tí wọ́n bá sì kó sára níbẹ̀ ni wọ́n máa fi fò padà, ẹ ẹ̀ rí i pé kò sáyè eré rárá.

Àwọn Imraguen tó ń pẹja níbẹ̀, òfin ò gbà kí wọ́n lo ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n ń lò, òun náà ni wọ́n fi gbé wa, kò sáriwo kankan àfi atẹ́gùn àti igbe ẹyẹ. Àfìgbà táwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń hó, káwọn flamingo lè gbéra kí wọ́n lè rí fídíò gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dùn mí wọra. Onílé ń fi atẹ́gùn wakọ̀, àlejò wá ń pariwo!

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń kọ nípa ìrìn àjò, ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n mú bainókúlà dání, tí ọlọ́kọ̀ bá sì ní ibi tá a dé yìí ti tó, kí wọ́n gbà fún un. Pàápàá níbi tí òfú ń sàba sí, torí tẹ́rù bá lé e dìde, oòrùn ibẹ̀ ò ní dá ẹyin sí.

Ẹ ṣeun o,
Òǹkàwé yín