Àṣàkẹ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni fáùlù

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ọrùn ńkọ́? Mo ti gbọ́ voice note ẹ, èyí tó gùn yẹn mo ní láti tún un gbọ́ torí ariwo àwọn kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ẹ. O ní ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jọ kan ẹ̀ṣẹ́ yẹn ò jà, ó kàn ń dì mọ́ ẹ ṣáá ni, o ní kí wọ́n kúkú sọ gbogbo ẹ̀ di fáùlù, dídìmú, bíbẹ̀rẹ̀, fífi ọwọ́ méjèèjì bojú, kẹ́ni tó bá ti ṣe é máa lọ sílé, pé o ti ń kọ petition lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ fi voice note dá ẹ lóhùn torí mo mọ̀ ẹ́, o ò ní gbọ́ ọ dópin, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà níbí tí mo ń tẹ̀ ẹ́, oníbàárà sì ń wọlé, tó bá rí jákujàku má bínú.

Ẹjọ́ kì í ṣe tẹni ká má mọ̀ ọ́n dá. Iwájú ni mo jókòó sí, mo rí ohun tí ìwọ ò lè rí torí orí ẹ wà nísàlẹ̀. Ní rọ́ńdù kejì yẹn, bó o ṣe ju jáàbù, ẹ̀ṣẹ́ òsì tààrà yẹn, báyìí, ó ti wọlé sí ẹ lára, ó fi apá ọ̀tún há ìgbọ̀nwọ́ ẹ òsì mọ́ abíyá ẹ̀, ó gbé gílọ́ọ̀fù òsì lé ẹ lẹ́yìn ọrùn, ó wá ń fà ẹ́ wálẹ̀, gbogbo ìwúwo ẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ. Rẹfirí ní “brẹ́kì”, pé kẹ́ ẹ tú ara yín sílẹ̀, ó tú ẹ sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn, kò pẹ́ ó ti tún padà síbẹ̀. Fáùlù nìyẹn, mi ò ní bá ẹ jiyàn. Ó dà bí àwọn ọmọ tó ń pe oníbàárà ní Balógun, tí wọ́n á di èèyàn lápá mú, wọn ò tíì dá iye lé ọjà, wọn ò sì jẹ́ kó ra tẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin tuntun lò ń wá o. Òfin ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Queensberry tó jáde ní 1867, ẹ̀kejì pàá nínú ẹ̀ ló ti sọ ọ́ pé kò sí ìjàkadì, kò sí dídìmọ́ra. Kó tó dìgbà yẹn ní Ìlú Ọba, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán jà, èèyàn lè gbá ẹnìkejì mú kó gbé e ṣánlẹ̀, ẹni tó bá ti ṣubú rọ́ńdù parí nìyẹn. Òfin wà, rẹfirí ni kì í tètè la ẹnu. Wo ìjà Wladimir Klitschko àti Alexander Povetkin, àwọn akànṣẹ́ tó wúwo yẹn, ní Moscow ní Rọ́ṣíà ní 2013, Klitschko á ju jáàbù, á wọlé, á fara tẹ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, rọ́ńdù kọkànlá ni rẹfirí tó yọ póìntì kan. Kọkànlá nínú méjìlá! Ó gbé Povetkin ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ò kéré, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún un ní 119 sí 104, kí wá ni póìntì kan fẹ́ ṣe fún ẹni tó fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé èèyàn? Ká ní rọ́ńdù kejì ló ti yọ ọ́ ni, tó tún yọ òmíì ní ìkẹta, ṣé o rò pé Klitschko á tún máa gun èèyàn lọ́rùn?

Muhammad Ali gan-an tẹ́ ẹ ń wò lórí fóònù ṣe é. Ní Manila ní 1975, rẹfirí Carlos Padilla ò gbà fún un kó di Joe Frazier tí wọ́n jọ ń jà lọ́rùn mú, ó ń gbá ọwọ́ ẹ̀ kúrò ni, ìjà bá di ìjà, rọ́ńdù mẹ́rìnlá gbáko, àwọn ará ẹ̀yìn Frazier ni ò jẹ́ kó jáde fún ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kò séèyàn tó yí òfin kankan padà, ọwọ́ rẹfirí kan náà ni.

Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ ẹ ni ti bíbojú. Mo mọ̀ pé ìwé òfin amateur tiyín, ẹ̀yin tẹ́ ò jà fún owó, ti kà á sí fáùlù pé kéèyàn kàn fọwọ́ méjèèjì bojú kó dúró gbagidi láìda nǹkan kan padà, bíbẹ̀rẹ̀ tí orí á fi kọjá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì náà wà níbẹ̀. Ti bíbẹ̀rẹ̀ mo gbà, orí tó bá wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá fi máa dìde, àgbọ̀n ẹlòmíì ló máa gbá. Ọmọ tí etí ẹ̀ ń hó ńkọ́, tójú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí lo fẹ́ kó ṣe? Tẹ́ ẹ bá yọ póìntì ẹ̀ torí ó bojú, ẹ ń sọ fún un pé kó gbé ojú kalẹ̀ kí wọ́n máa lù ú nìyẹn. Kí rẹfirí ka ení, èjì fún un, kó wo ẹyinjú ẹ̀ dáadáa, tí kò bá dáa kó dá a dúró. Dídìmú ẹ̀ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀, nígbà tí orúnkún bá gbọ̀n, ẹni tó dì mọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan kó má baà ṣubú ò ṣẹ̀ mí o, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni mo bá wí. Ní Kinshasa ní 1974 Ali fara ti okùn, ó bo ojú bo ìhà, George Foreman ń lu apá títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ní rọ́ńdù kẹjọ Foreman ṣubú. Ká ní petition tìẹ ni wọ́n ń lò, wọ́n á ti lé Ali lọ sílé ní rọ́ńdù kẹta. Má sì pe ọmọ yẹn lójo mọ́ jọ̀ọ́, ojo kì í gun rínǹgì.

Nǹkan kan tún wà tó ò sọ. Ní rọ́ńdù kẹta o fi ọwọ́ òsì tẹ orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ o sì fi ọ̀tún gbá a lójú, ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ tí wọ́n fún ẹ ti wá. Ìkìlọ̀ kan, póìntì kan lọ, tó bá di mẹ́ta wọ́n á lé ẹ jáde. Inú ló ń bí ẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà fáùlù ni, torí ẹni tó bá dì mú kò láṣẹ láti tún lù, ẹni tí wọ́n dì mú ló láṣẹ, títí rẹfirí á fi ní brẹ́kì.

Bàbá mi kò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kó má dárúkọ Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà yẹn. Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà yẹn, ìjà tirẹ̀ ni kó wọlé, kó fi orí àti èjìká ti èèyàn, kó dì í mú, kó máa fi ọwọ́ kan gbá a. Tiger gba bẹ́líìtì aṣẹ́gun lọ́wọ́ ẹ̀ ní San Francisco ní 1962, wọ́n jà á sí ọ̀mì ní Las Vegas, wọ́n wá pàdé ní Liberty Stadium ní Ìbàdàn lóṣù kẹjọ 1963. Tiger ò dúró de rẹfirí, bí ìyẹn bá ti sún mọ́ ọn, ẹ̀ṣẹ́ kúkúrú ló ń bá pàdé, ìhà, ikùn, ojú, lẹ́yìn rọ́ńdù keje Fullmer ò lè dìde lórí àga mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn jáàbù má dúró lójú kan, yí sí òsì. Tó bá rí ẹ mú, àgbọ̀n mọ́ èjìká, iwájú orí sí àyà ẹ̀, ọwọ́ tó ṣófo kó máa bá ìhà ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá há méjèèjì, na apá síta gbangba kí rẹfirí rí i pé ìwọ kọ́ lò ń di èèyàn mú. Tó bá ní brẹ́kì, gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn ná kó o tó ju nǹkan kan. Tí mo bá kọjá sí Rowe Park níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe ìdánrawò ní Sátidé mo máa bá kóòṣì ẹ sọ ọ́ kó wá ẹnìkan tó wúwo jù ẹ́ lọ tí á máa dì ẹ́ mú ní spárìn, ìjà ìdánrawò yẹn, kí ọrùn yẹn ti jinná ná o.

Petition yẹn, tó o bá ṣì fẹ́ kọ ọ́, kọ ọ́, mi ò dí ẹ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ fífà lọ́rùn nìkan ni kó o kọ, àti iye ìgbà tí rẹfirí fi ní brẹ́kì láìyọ póìntì. Yọ ti bíbojú kúrò. Kó o sì kọ ìkìlọ̀ tìẹ náà sí i fúnra ẹ, kí wọ́n má lọ bá a nínú ìwé tiwọn kí wọ́n sọ pé o fi pamọ́.

Bàbá ẹ