Lẹ́tà sí Màmá ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, lórí físà tí wọ́n fi dù wọ́n

Peckham, London,
18 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ físà yìí. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ní kí n kí yín dáadáa. A dúpẹ́, ara gbogbo wa le. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní kí n fi Yorùbá kọ ohun tó wà nínú lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá ìwé físà tí ẹ fẹ́ fi bá òwò àdìrẹ wá síbí padà, kí ẹ lè kà á sétí àwọn àbúrò yín, nítorí olúkúlùkù wọn ló ti ní àlàyé tirẹ̀. Mo ti kà á tán, mo sì gbé e fún agbẹjọ́rò kan tó gbọ́ òfin ìwọ̀lú níbí dáadáa. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ nìyí.

Màmá, kò sí ibì kankan tí wọ́n ti pè yín ní arúfin. Ẹ kò lo ọjọ́ kan kọjá oṣù mẹ́fà tí òfin fún àlejò, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn tó ń jáde kúrò nílẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé òfin àlejò kò dúró lórí oṣù mẹ́fà nìkan. Ó tún ní àlejò kò gbọdọ̀ fi wíwá lemọ́lemọ́ sọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ibi tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló gbà pé bí ènìyàn bá lo oṣù mẹ́fà níbí, tó sì lọ lo oṣù mẹ́fà nílé, ó ti bọ́ nínú ẹjọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ, ṣùgbọ́n irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ohun tí òṣìṣẹ́ máa ń wò ni ìdí tí ènìyàn fi wá, bó ṣe pẹ́ tó, bí ìrìnàjò kan ṣe jìnnà sí èkejì tó, àti ohun tí ó ní nílé tí yóò fà á padà.

Ẹ rántí ìgbà tí a bí àkọ́bí wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù yín nígbà náà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ẹ̀bí ìyàwó mi, kò lè gbé ohun tó wúwo, èmi náà sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ni ì bá wẹ ọmọ, ta ni ì bá gbé e pọ̀n? Ẹ dúró títí ó fi lé ní oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn tí ẹ padà sílé, kò pẹ́ tí àbúrò mi tó wà ní Leeds náà fi bímọ, ẹ sì tún wá, ẹ tún pẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wo ìwé yín to ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó rí i pé ọjọ́ tí ẹ lò lọ́dọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí ẹ lò ní Abẹ́òkúta dọ́gba, ó wá béèrè ohun tí kò rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀: ta ni ń ta aṣọ ní Ìtòkú nígbà tí ẹni tó ni ọjà kò sí nílé?

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo lẹ́tà náà, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Ìtòkú pé àbúrò yín ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù, pé yálà ẹ wà nílé tàbí ẹ kò sí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n ń sá a, àwọn oníbàárà sì ń wá kó o. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìtòkú mọ̀ yìí, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí kò mọ Ìtòkú yàtọ̀ sí Kútọ̀. Ẹ̀yin náà ní oníbàárà tó máa ń ra àwìn, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àdéhùn bá pé gẹ́lẹ́ ló ń mú owó wá. Kò jẹ yín ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ bó bá ní òun fẹ́ kó ìdì aṣọ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó kọ́kọ́ wò ó lójú ná. Ojú tí òṣìṣẹ́ náà fi wò yín nìyẹn.

Ní ti òwò tí ẹ fẹ́ bá wá, ìwé ìpè tí oníṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ máa ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ yín fi ránṣẹ́ kò ní àléébù kankan. Òfin gba oníṣòwò tó wá gẹ́gẹ́ bí àlejò láyè láti ṣe ìpàdé, láti dúnàá-dúrà, láti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, àti láti lọ síbi ìpàtẹ ọjà kó lè polówó ohun tó ń ṣe. Ohun tí kò gbà ni kí ó máa tajà fún ará ìlú lójúkojú. (Ẹ sọ èyí fún ọ̀rẹ́ yín tó ní òun fẹ́ di ẹrù bàǹbà kan kó wá pàtẹ rẹ̀ sí Peckham.) Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ kọ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ti di oṣù márùn-ún rí, nítorí náà kò dá àwọn lójú pé ọ̀sẹ̀ méjì yìí yóò dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn le jù, nítorí ohun tó dá ìyá dúró sẹ́yìn ọmọ jòjòló kọ́ ni yóò dá oníṣòwò dúró lẹ́yìn ìpàdé, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé wọn kò rí ibi dì mú.

Àbúrò yín ọkùnrin béèrè pé ṣé a kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é láyé ọjọ́un, ó sì jàre. Òótọ́ ni pé àyè wà nígbà náà fún ẹni tó fẹ́ wá kí ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dí i láti oṣù kẹfà ọdún 2013, ẹni tó bá sì wá nítorí òwò kò tilẹ̀ sí lára àwọn tó ń jẹ àǹfààní náà. Ohun tó kù báyìí ni kí ènìyàn tún fọ́ọ̀mù gbà, tàbí kí ó ní kí adájọ́ yẹ ìpinnu náà wò bóyá ó bófin mu, owó agbẹjọ́rò tí ìyẹn yóò sì gbà yóò jẹ èrè òwò náà tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Owó tí ẹ san kò ní padà. £127 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín fún físà oṣù mẹ́fà lọ́dún 2025 yìí, ẹ sì mọ iye aṣọ tí ẹ ó tà kó tó pé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún ẹni tó ní kí ẹ lọ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, kí ẹ sì ṣe bí ẹni tí wọn kò fi físà dù rí. Wọ́n ti ní ìtẹ̀ka yín lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù máa ń béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ fún ènìyàn rí, níbí tàbí ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ó purọ́ lórí rẹ̀, ọdún 10 ni wọ́n fi lè máa dá ìwé rẹ̀ padà. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún yín yìí kò ní irú ìyà bẹ́ẹ̀ nínú. Bákan náà ni ti owó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yá yín kí àkáǹtì yín lè jọjú: owó gọbọi tó bá ṣàdédé wọlé nígbà tí ènìyàn ń múra físà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wádìí orísun rẹ̀. Èyí tí yóò ràn yín lọ́wọ́ ni owó ọjà tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wọlé gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í dé báńkì rárá. Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn oníbàárà ńlá máa san án sínú àkáǹtì.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má tíì gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Òfin kò ní kí ẹ dúró, èmi ni mo ní kí ẹ dúró, ó kéré tán fún ọdún kan, kí ọjọ́ tí ẹ lò nílé lè pọ̀ ju èyí tí ẹ lò níbí lọ ní kedere. Láàárín ìgbà náà, a ó kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín jọ, pẹ̀lú ìwé owó orí, rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn aláàdìrẹ, àti ìwé kan tí àbúrò yín yóò tọwọ́ bọ̀ pé òun ló ń di ọjà mú bí ẹ bá rìnrìn àjò. Èmi yóò wá lẹ́tà ilé ìwòsàn lórí iṣẹ́ abẹ ìyàwó mi jáde, kí ìdí tí ẹ fi pẹ́ nígbà yẹn lè hàn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń méfò. Bí ẹ bá sì wá gba físà náà, Màmá, bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni o, kódà bí àwọn ọmọ bá ń sunkún.

Òwò kò gbọ́dọ̀ dúró de físà. Mo ti bá oníṣọ́ọ̀bù náà sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. Ó ní òun fẹ́ rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn méjì àti àdìrẹ oníko kan kí òun tó sọ iye tí òun máa rà, ó sì fẹ́ kí ẹ fi fídíò WhatsApp han òun bí ẹ ṣe ń rẹ aṣọ láró, nítorí ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti sú u. Ẹ ní kí àbúrò yín fi aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi, kó sì kọ iye tí ẹ fẹ́ tà wọ́n síwèé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni èmi àti oníṣọ́ọ̀bù náà yóò pàdé. Bí aṣọ kò bá tíì dé, ẹ jẹ́ kí fọ́tò wọn àti iye owó wọn tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé.