Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan sí Òkè-Erí àti Erédò Sùngbọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ìnáwó àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà sáà kejì yìí dá lé, ìyẹn ìrìn-àjò tí àwọn ọmọ SS1 yóò rìn láti Ìbàdàn lọ sí Òkè-Erí àti Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kejì. Àárọ̀ ni wọn yóò lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò dé. Kò sí ọmọ tí yóò sùn síta.

Àwọn tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú nínú yín mọ ibẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn yòókù mọ ohun tí a ń kó ọmọ wọn lọ wò. Yàrà ni Erédò, pẹ̀lú odi erùpẹ̀ gíga tó wà létí rẹ̀, tí àwọn èèyàn àtijọ́ fọwọ́ gbẹ́ yí apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó ju ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó lọ, ibi tó sì jìn jù lọ, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ń lọ sí 20 mítà. Erùpẹ̀ tí wọ́n ń wà jáde nínú yàrà ni wọ́n ń kó jọ sí etí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí yàrà ṣe ń jìn sí i ni odi ń ga sí i. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀ le, ìdí nìyẹn tí ògiri yàrà náà fi ṣì dúró ṣánṣán ní ọ̀pọ̀ ibi títí dòní, tí ewé wẹ́wẹ́ bò ó, tí àwọn igi etí rẹ̀ sì fẹnu kora lókè débi pé ọ̀sán gangan kì í mọ́lẹ̀ tán nínú rẹ̀. Láti ọdún 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé ó yẹ kí wọ́n kà kún ogún àgbáyé, ṣùgbọ́n oko àti ọ̀nà ti gé e já níbi púpọ̀, nítorí náà kí àwọn ọmọ tètè lọ rí i ló dára.

Ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ni pé Bílíkísù Sùngbọ́, opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò rọ́mọ bí, ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí orúkọ òun má baà parẹ́. Òkè-Erí ni wọ́n sọ pé wọ́n sin ín sí, àwọn èèyàn sì máa ń rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé òun gan-an ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ bá Sólómọ́nì, nítorí pé Bílíkísù ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ọbabìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíbélì kò dárúkọ rẹ̀, Kùránì náà kò sì dárúkọ rẹ̀ nínú Súrà An-Naml.

N kò ní gbà kí olùkọ́ kankan sọ fún àwọn ọmọ pé irọ́ lásán ni ìtàn yìí, n kò sì ní gbà kí ọmọ kankan kọ ọ́ sínú ìdánwò bí ẹni pé ó dájú. Nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń ka ìgbà Sólómọ́nì sí. Patrick Darling, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tọpasẹ̀ Erédò ní àwọn ọdún 1990, gbà pé ó ti tó 1,000 ọdún. Àwọn tó wá wú ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí Gérard Chouin àti Ọlánrewájú Lásísì wà lára wọn, gbà pé ìparí sẹ́ńtúrì 14 sí ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 15 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Èyíkéyìí tí a bá mú, ó ti wà kí Potogí tó fojú kan etí òkun wa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan ìgbà Sólómọ́nì. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ gan-an nìyí: kí ọmọ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà Òkè-Erí, kí ó kọ ọ́ sójú ewé kan bó ṣe gbọ́ ọ, kí ó sì kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí àti ohun tó wọ̀n sójú ewé kejì. Olùkọ́ ìṣirò yóò bá wọn lọ pẹ̀lú okùn àti ohun ìwọn igun, kí wọ́n lè dúró nísàlẹ̀ yàrà ṣírò gíga odi tí wọn kò lè gùn.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò béèrè bóyá ojúbọ ni a ń kó ọmọ wọn lọ. Rárá o. A óò kí àwọn àgbà ibẹ̀ bó ṣe yẹ, a óò sì tẹ̀lé òfin tí wọ́n bá fún wa, ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé wa kankan kò ní ṣàdúrà tàbí ṣe sàráà níbẹ̀, kò sì ní bu yanrìn tàbí omi wálé. Òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á kí ọmọ rẹ̀ dé ibojì náà lè sọ bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Olùkọ́ kan yóò dúró ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìí bọ́ọ̀sì, máàkì rẹ̀ kò sì ní dín.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni a mú nítorí pé ìsàlẹ̀ yàrà máa ń yọ̀ lásìkò òjò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ kánfáàsì àti ṣòkòtò gígùn. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà yóò padà sílé. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ₦9,500. Bí owó yìí bá ni yín lára, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá rí mi ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ náà kò ní kọjá àárín wa. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé yóò wà pẹ̀lú wọn, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn mìíràn, kí ẹ sì fi oògùn rẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni bọ́ọ̀sì yóò gbéra.

Ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, kí ó sì dé ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì kí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì tó parí. Ọmọ tí a kò bá rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní wọ bọ́ọ̀sì, ì báà sunkún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́