Àlàní, ìràwọ̀ onírin rẹ ti dé Ìkòròdú

Ṣábọ̀, Ìkòròdú.

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Dáadáa la wà níbí, àfi iná tí kò dúró sójú kan. Fídíò ìdíje ìbọn tí o fi ránṣẹ́ kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ẹ̀rín ni mo ń rín: ìwọ tó máa ń sá wọlé tí wọ́n bá yin ṣakabùlà níbi òkú ọdẹ! Nígbà tí mo tún un wò, irin yẹn nìkan ni mo tẹjú mọ́. O mọ̀ pé wẹ́dà ni mí.

Ìràwọ̀ Texas lẹ pè é. Apá márùn-ún, àwo irin kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́rìn. Kò ní mọ́tò. Á dúró jẹ́ẹ́ títí o fi máa yìnbọn. Àwo kan jábọ́, ìwọ̀n ò bára mu mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí nìyẹn. Ẹran tí bàbá mi ń dọdẹ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń sá. Tìrẹ yìí, ìwọ fúnra rẹ lo ń lé e.

Mo bá rọ ọ̀kan. Mo fi àárín táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe bẹ́rìn, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà tó ti kú gbé ìdérí agolo mílíìkì mọ́ ọn. Rọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ń ta á. Ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé ìbọn fún ọlọ́pàá?

Apá kan ṣá ń wá sísàlẹ̀, bó ti wù kí n yí i tó. Mo da epo sí bẹ́rìn, apá yẹn náà ni. Mo gé gbogbo wọn, mo kó wọn lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja, ó ní ṣé irin la fẹ́ sè lálẹ́ ni. Ọ̀kan wúwo ju àwọn yòókù lọ, ibi tí mo ti jó wẹ́dìn rẹpẹtẹ. Mo fáìlì rẹ̀ títí wọ́n fi dọ́gba.

Wàyí o, ohun tó ń dà ọ́ láàmú: ẹ̀gbẹ́ lo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ṣófo, òkè ló fẹ́ lọ. Tí o bá mú tòkè kúrò lákọ̀ọ́kọ́, ó ti wà níbi tó ń lọ, kò ní yí púpọ̀. Tìsàlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́? Wèrè ni yóò ya. Lẹ́yìn tòkè, tí o bá mú òmíràn kúrò, ó dájú pé á fì. Dúró dè é níbi tó ti fẹ́ padà, á sinmi fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń pín máàkì yín, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí o dúró.

O ní ẹ kì í sún mọ́ irin ju mítà 7 lọ. Mo rò pé àṣejù òyìnbó ni, àfi ìgbà tí òkúta ta padà bà mí lójúgun. Láti 1976 tí wọ́n ti dá IPSC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń darí ìdíje ìbọn yín, sílẹ̀ ní Missouri, wọ́n á ti rí irú ẹ̀. Gúgù tí mo fi ń jó wẹ́dìn ló wà lójú àwọn ọmọ báyìí.

Jọ̀wọ́, bá mi wọn bí àwo tiyín ṣe nípọn tó. Má fojú díwọ̀n o, lo rúlà.

Èmi ni,
Àkànbí